Ilẹ̀kùn-Irin àti Sáfà Tí Kì í Ṣàṣìṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga súnmọ́ ibí, kí n sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún yín. Kò sí àrùn kankan lára rẹ̀. Eyín rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ ríran, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn bákan náà. Ẹnu nìkan ló ń ṣe é. Tó bá jí láàárọ̀, kó tó fọ ẹnu yẹn ni yóò ti fi yangàn. Tí ẹ bá ní òjò rọ̀ lánàá, yóò ní òun ti mọ̀ láti ìjẹta pé yóò rọ̀, òun kàn ní kó máa bọ̀ ni. Tí ẹ bá ní ẹ kò rí oorun sùn, yóò ní ẹ kò tíì gbọ́ tòun, nítorí òun kì í sùn rárá, òun kàn máa ń di ojú kí àwọn ará ilé má baà fòyà.

Ilẹ̀kùn-Irin ni a ń pè é. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ ọ́ lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wa ló bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ní, “Ẹ máa pè mí ní Ilẹ̀kùn-Irin. Ibi tí mo bá dúró sí, nǹkan kan ò lè gba ibẹ̀ kọjá.” Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́, a sì gbà pé òótọ́ ló sọ, torí gbogbo àwa tí nǹkan ń gbọ̀n kò rí ọ̀nà wọlé.

Àga ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Àga ọ́fíìsì, àga iléèwé, àga tí wọ́n ń jókòó sí de dókítà. Olú ilé iṣẹ́ wà ní ìlú mìíràn, ẹ̀ka lásán ni àwa. Èmi ni mo máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Tábìlì mi kọjú sí ti Ilẹ̀kùn-Irin, ìdí nìyẹn tí etí mi fi kún tó báyìí.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà, pàápàá èyí tó wà nínú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, tí gbogbo ímeèlì tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Sáfà ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé èmi náà mọ. Sáfà dà bí ẹni tó jókòó sẹ́nu géètì. Lẹ́tà á dé, sáfà á wo àdírẹ́sì ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbà á wọlé. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, á sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tì í lẹ́yìn pé ìdí báyìí-báyìí ni òun kò fi gbà á.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé lẹ́tà burúkú kan yọ́ wọlé. Àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ rí wúruwùru. Àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀, ìlà tó dẹ̀gbẹ́ wà níbẹ̀, àmì ìyanu náà wà níbẹ̀, àfi bíi pé ẹ̀rù ń ba lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Bó ṣe wọlé ló pín ara rẹ̀ kiri. Oògùn tó ń mú irun hù lórí pípá ni wọ́n ń polówó. Ẹ̀dà ti ọ̀gá wa yọ gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níwájú àwọn àlejò. Ọ̀gá wa obìnrin, tí a ń pè ní Màdáàmù, kò pá lórí o. Ọkọ rẹ̀ ló pá, òun gan-an ló sì jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Màdáàmù ránṣẹ́ pe Ilẹ̀kùn-Irin. “Ìwọ tó o ní nǹkan kan ò lè gba ọ̀dọ̀ ẹ kọjá, ibo lèyí gbà?”

“Ẹ má ṣèyọnu, mà. Kí n tó jẹun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ yẹn á ti tán.”

Ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ ṣe é, kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn, ó ṣe é dáadáa. Ó wọ inú yàrá kékeré, ó tẹ síbí, ó tẹ sọ́hùn-ún, ó sọ fún sáfà pé lẹ́tà yòówù tí irú àmì jágbajàgba bẹ́ẹ̀ bá wà nínú orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, kó dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí sáfà yóò máa fi tì í lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì kà á fún wa ketekete: “Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ti ń kọ àdírẹ́sì, kí ẹ tó máa yọ ọmọ èèyàn lẹ́nu.” Àwọn onírun-orí dáwọ́ dúró. Màdáàmù kí i kú iṣẹ́. Ọkọ Màdáàmù náà kí i, ó ṣí fìlà fún un, ó sì yára dé e padà.

Ká ní ó fi mọ síbẹ̀ ni, n kì bá rí ìtàn sọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ẹni tó pa òwe náà kò kàn mọ̀ pé baba yẹn ní bàbá àgbà, ọ́fíìsì wa ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, ó fi ṣíbí gbá àwo. “Ẹ gbọ́ o. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tí mo lé padà láàárọ̀ yìí nìkan.” A yìn ín, orí rẹ̀ wú. Lọ́jọ́ kejì ó tún fi ṣíbí gbá àwo, a tún yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ lẹ́tà burúkú náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀nà ti dí, wọ́n gba ibòmíràn lọ, iye tí sáfà ń lé padà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó kù bíi mẹ́wàá. Ó ku méjì. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, ó di ṣíbí mú, kò lè gbá nǹkan kan, torí òdo ni sáfà kà fún un.

“Wọ́n ti sá lọ nìyẹn,” ni mo sọ fún un. “Ṣebí ohun tá a fẹ́ náà nìyẹn?”

“Wọn ò sá,” ló dá mi lóhùn. “Wọ́n ti para dà ni. Wọ́n ti ń kọ àdírẹ́sì bí èèyàn gidi.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa o. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá ti dà bíi ti èèyàn gidi ti wọ gàù.

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ lé. Oníṣirò owó méjì ló wà lọ́dọ̀ wa, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló gba orúkọ náà ní òfìfo, wọ́n wá fi nọ́ńbà èjì sí ẹ̀yìn ti ẹnì kejì kí lẹ́tà wọn má baà papọ̀. Kejì la kúkú ń pe ìyẹn. Kejì dé ilé lọ́jọ́ náà, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀wé sí i láti ọ̀sán pé òun lọ kí ìyá òun, pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé. Kejì kò rí lẹ́tà kankan. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí itan, aládùúgbò sì ń bu omi fún un mu bí àlejò.

Lọ́jọ́ kejì ó wá dúró síwájú tábìlì Ilẹ̀kùn-Irin.

“Ìyàwó mi kọ̀wé sí mi lánàá, sáfà ẹ dá a padà. Ó ní kò sí irú mi níbí.”

“Nọ́ńbà ló wà nínú orúkọ ẹ.”

“Ìwọ lo fi síbẹ̀.”

“Ìgbà yẹn, ojú wa ò tíì là. Èèyàn kì í ní nọ́ńbà. Àbí mọ́tò ni ẹ́ ni?”

“Mo ní sáfà ẹ ṣàṣìṣe.”

Ilẹ̀kùn-Irin dìde. Gbogbo wa ló dojú kọ, bí ẹni fẹ́ kéde. “Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èmi fúnra mi lè ṣàṣìṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Sáfà tèmi kì í ṣàṣìṣe. Tó bá ní o ò sí, Kejì, lọ yẹ ara ẹ wò.”

Kejì padà sídìí tábìlì rẹ̀. Mo rí i tó rọra fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, tó ń wò ó bóyá òun ṣì wà.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ó kan dáàṣì, ìlà kékeré tí à ń fi so orúkọ méjì pọ̀. Ìyàwó Tuntun, tó ń bá wa ta ọjà, kò tíì pẹ́ tó ṣe ìgbéyàwó. Ó so orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀ nínú àdírẹ́sì, dáàṣì sì wà láàárín wọn. Iléèwé kan kọ̀wé sí i pé àwọn fẹ́ àga tuntun fún gbogbo kíláàsì. Sáfà ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ti ń kọ àdírẹ́sì. Ẹ rántí pé iléèwé ni o. Ọ̀gá iléèwé náà tẹ Ìyàwó Tuntun láago, ó bi í pé níbo gan-an ni kí òun ti lọ kọ́ ọ.

Ìyàwó Tuntun wá bá Ilẹ̀kùn-Irin. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni dáàṣì mi fi ṣe yín?”

“Orúkọ kan ló tọ́ sí èèyàn kan. Yan ọ̀kan níbẹ̀.”

“Kí n yan ọ̀kan nínú bàbá mi àti ọkọ mi?”

“Sáfà ò mọ ìyẹn. Yan èyí tó bá kúrú jù.”

“Kò burú. Màá ní káwọn méjèèjì wá bá yín lọ́la, kẹ́ ẹ bá mi wọ̀n wọ́n.”

Ó yí padà, ó lọ. Ilẹ̀kùn-Irin ní àwọn obìnrin kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣíbí tún gbá àwo, iye lẹ́tà tún ti gòkè, kò sì sẹ́ni tó bi í pé lẹ́tà ta ni.

Ìgbà tí àmì fẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀ ló tó rí àmì ìròpọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, igi kékeré kan lóòró, òmíràn níbùú, tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ro ení mọ́ èjì. Ó rí i nínú àdírẹ́sì lẹ́tà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì pè mí kí n wá wò ó. “Wọ́n ti ń ṣe ìṣirò nínú orúkọ èèyàn báyìí.” Kò wo ẹni tó kọ lẹ́tà náà. Kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó sì ti àmì ìròpọ̀ mọ́ ìta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí a kò mọ̀ nígbà náà, kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú mọ́ yín lójú. Olú ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àṣà tuntun kan sílẹ̀ ni. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka, wọ́n á kọ orúkọ onítọ̀hún, wọ́n á fi àmì ìròpọ̀ sí i, wọ́n á wá kọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, bóyá gọ́ọ̀mù ni o, ìsinmi ni o, ìgbéga ni o. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe mọ àpótí tó yẹ kó wọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi kéde àṣà yìí fún wa gan-an ní àmì ìròpọ̀ lórí. Òun ni Ilẹ̀kùn-Irin pa rẹ́.

Ìyẹn ni pé láti ọ̀sán ọjọ́ náà, olú ilé iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀, àwa kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka rí ni yóò mọ bí ayọ̀ yẹn ti tó. Tẹ́lẹ̀, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í kọ̀wé sí wa. Ẹ wá sọ tẹnu yín, kí ló dé tí gọ́ọ̀mù fi tètè tán? Ẹ wá sọ tẹnu yín, ta ló tan iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀? Ẹ wá sọ tẹnu yín, kí ló dé tí ẹ kò tíì wá sọ tẹnu yín? Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́jọ́ kìíní, a fura. Lọ́jọ́ kejì, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ti bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé tábìlì, ó ní òun fẹ́ gbádùn ìdákẹ́jẹ́ náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè. Èmi náà kò ní purọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun súwẹ́tà lábẹ́ tábìlì.

Màdáàmù pàápàá ń kọrin lórí àtẹ̀gùn. “Láti ìgbà tí Ilẹ̀kùn-Irin ti tún sáfà yẹn ṣe,” ló ń sọ fún ẹni gbogbo, “olú ilé iṣẹ́ ò rí àléébù kankan lára wa mọ́.” Bí ọkùnrin náà ṣe di akọni nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo ẹnu tó ti ń yangàn láìnídìí, kí wọ́n wá fún un nídìí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Alága tẹ Màdáàmù láago. Ìyá àgbàlagbà ni Alága, òun ló ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ń wá ẹnì kan tí yóò máa bójú tó sáfà gbogbo ẹ̀ka. Kó tó sọ ọ́ tán, Màdáàmù ti dárúkọ Ilẹ̀kùn-Irin. Alága ní ó dára, akọ̀wé òun yóò kọ̀wé sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Tó bá ti fèsì lẹ́tà náà kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Tí kò bá fèsì, ẹnì kan wà ní ẹ̀ka mìíràn tó ń dúró de ipò náà.

Ilé wà nídìí iṣẹ́ yẹn, odindi ilé, tó ní ilé ìdáná tirẹ̀. Tí ẹ bá mọ Ìyá Ìbejì, ìyàwó Ilẹ̀kùn-Irin, ẹ ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún un. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ìbejì wọn ń gbé. Ìdílé mẹ́rin ló jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ń fi ọwọ́ kan ro ìkòkò, tó ń fi ọwọ́ kejì ṣọ́ ọ kí wọ́n má baà gbé e sọ̀ kalẹ̀ kó tó jinná. Inú mi dùn fún un gan-an, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ó tẹ ọkọ rẹ̀ láago lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, torí Ilẹ̀kùn-Irin kì í fi fóònù sétí. Á tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde sí gbangba ni, kí àwọn tó wà nítòsí lè mọ̀ pé wọ́n ń wá òun.

“Bàbá Ìbejì, ṣé ó dájú?”

“Ó dájú kẹ̀? Ó ti tán. Lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé.”

“Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà dé ná.”

“Ìyá Ìbejì, iwájú sáfà tèmi ni lẹ́tà yẹn máa gbà kọjá. Ta lo rò pé ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù mí lọ?”

Ìyá Ìbejì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Onílé ti rí ayálégbé mìíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ilẹ̀kùn-Irin wá ń pín ẹrù rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó fi àga rẹ̀ ta Kejì lọ́rẹ. Ó fi agbòjò rẹ̀ ta mí lọ́rẹ, ó ní níbi tí òun ń lọ, òjò yóò máa kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ òun. Ó fún Ìyàwó Tuntun ní ìmọ̀ràn, torí nǹkan mìíràn kò kù.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ó wọ aṣọ tuntun, bàtà tuntun rẹ̀ ń han gooro bó ṣe ń rìn. Àga Kejì, tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló yá jókòó sí níwájú kọ̀ǹpútà. A pagbo yí i ká, torí gbogbo wa la fẹ́ fojú rí lẹ́tà náà. A dúró títí. Lẹ́tà kò dé.

“Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í yá,” ló wí. “Wọ́n á ṣì máa wá ọ̀rọ̀ tó wúwo tó mi.”

A tún dúró. Nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ ti ń ro wá, ó ní kí òun fi nǹkan dá wa lára yá. Ó ṣí ibi tí sáfà ti ń ka iye lẹ́tà tó bá lé padà. “Ẹ wá wo olórí kunkun o. Olè kan wà níbí, láti àárọ̀ ló ti ń kan ilẹ̀kùn. Sáfà lé e, ó padà wá. Ó tún lé e, ó tún padà wá.”

“Ṣé o ò ní wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀ ni?” Kejì ló béèrè.

“Ta ló ń bi olè lórúkọ?”

A bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré ni, ì bá rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, àmì ìròpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e: ìgbéga.

“Ẹ jẹ́ kí n fún un ní tirẹ̀ lọ́tọ̀,” ni Ilẹ̀kùn-Irin wí. Ó ká ọwọ́ aṣọ tuntun sókè, ó sì tún ọ̀rọ̀ tí sáfà ń sọ kọ. Ó kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́. “Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí níbí. Kò sí rí. Kò sì ní sí láé. Ẹ lọ sinmi.” A pàtẹ́wọ́. Olè náà tún kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, sáfà sọ tẹnu rẹ̀ fún un, a kò sì rí i mọ́.

“Ó ti gbọ́,” ni Ilẹ̀kùn-Irin wí, ó sì na ẹsẹ̀.

Ọ̀sán pọ́n. Ọ̀sán kọjá. Ìyá Ìbejì pè láti ẹnu géètì pé ọkọ̀ akẹ́rù ti dé pẹ̀lú gbogbo ẹrù wọn, kí ọkọ òun máa bọ̀. Ó ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́tà kan ló kù. Kò tíì gbé fóònù yẹn sílẹ̀ tán tí Màdáàmù fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tòun ti fóònù tirẹ̀ ní ọwọ́.

“Alága ni o. Ó ní ká fún òun ní ẹni tó ń tọ́jú sáfà.”

Ojú Ilẹ̀kùn-Irin tàn. Ó gba fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde sí gbangba, ó gbé e sórí tábìlì láàárín gbogbo wa.

“Ẹ káàsán, mà. Mo ti ń retí lẹ́tà yín láti àárọ̀.”

“Ìwọ lò ń tọ́jú sáfà ibẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni, mà. Èmi nìkan. Kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i.”

“Ó dára. Akọ̀wé mi ń kọ̀wé sí ẹ láti àárọ̀, sáfà yín ń dá a padà. Ó ti ń kọ̀wé sí àwọn yòókù náà láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sáfà yín ní kò sí èyíkéyìí nínú wọn níbẹ̀. Akọ̀wé mi, ọmọ tó gbọ́ràn ni, ó ti ń fa igi lé orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Màdáàmù nìkan, tí mo máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ló kù ní ẹ̀ka yẹn báyìí. Mo ní kí n pè é, kí n bi í pé ta wá ló ń ṣe àga.”

Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. Ọkùnrin ilé ìkẹ́rù rọra ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ti súwẹ́tà mi sínú dúrọ́ọ̀.

“Tìẹ ni mo ní kí n kà fún ẹ,” ni Alága ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “‘Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí níbí. Kò sí rí. Kò sì ní sí láé. Ẹ lọ sinmi.’ Mo ti dàgbà, ọmọ mi. Mo ti rí ẹni tó kọ iṣẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ̀ láti wà.”

“Mà,” ni Ilẹ̀kùn-Irin wí.

“Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹ. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀, ilé náà sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé sáfà yẹn ṣàṣìṣe ni? Tó bá ṣàṣìṣe, sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kó o máa kó ẹrù ẹ bọ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” péré ni. Ọmọ tí kò tíì hu eyín lè sọ ọ́. Ilé ìdáná Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù sì wà ní géètì. Mo ń gbàdúrà sínú pé kó sọ ọ́. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́, mo fojú ara mi rí i. Ló bá gbójú sókè. Kejì dúró níwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ìyàwó Tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kejì, ó fi ọwọ́ lé ìdí. Gbogbo ọ́fíìsì ló na etí láti gbọ́ ọ lẹ́nu Ilẹ̀kùn-Irin pé sáfà rẹ̀ ṣàṣìṣe.

Òógùn bò ó. Àánú rẹ̀ ṣe Kejì fúnra rẹ̀, ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. “Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, jàre. A ò ní fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ká ní Kejì bú u ni, bóyá ì bá sọ ọ́. Àánú yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀kùn-Irin wò ó látòkè délẹ̀, ó tún kọ́là aṣọ tuntun rẹ̀ ṣe, ó wú ikọ́.

“Rárá o, mà,” ló wí. “Sáfà tèmi kì í ṣàṣìṣe.”



“Mo gbà ẹ́ gbọ́,” ni Alága wí. “Iṣẹ́ kò sì ṣe é fún ẹni tí kò sí. Ó dàbọ̀.”

Fóònù kú. Màdáàmù na ọwọ́, ó mú fóònù rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn padà láìkọrin. Ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè ní géètì, kò pẹ́ tí Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ fi wọlé, ó gbé ìkòkò tuntun kan mọ́ra, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ìbejì, dírẹ́bà ní òun ò lè dúró mọ́. Ṣé wọ́n ti kàn sí yín láti olú ilé iṣẹ́? Kí ni wọ́n wí?”

Ilẹ̀kùn-Irin wo ìkòkò náà. Ó wo àwa náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la wolẹ̀.

“Ẹnì kan ni wọ́n ń wá,” ló wí. “Mo ti sọ fún wọn pé kò sí níbí.”